Gbogbo Ohun Tí A Ná Sórí Iṣẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń jí sí òórùn ẹja yíyan ní Bàrígà, tí òórùn yíǹkì á sì gba ipò rẹ̀ ní Ṣómólú kí oorun tó dá lójú mi tán. Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń gbé nígbà náà, ní òpópónà kan tó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ìkùukùu á gbéra lórí omi, á rọra wọ àdúgbò wa, á bo àwọn òrùlé páànù àti okùn tí wọ́n sá aṣọ lé. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. N kì í kánjú. Ẹsẹ̀ mi á ti dé Ṣómólú, ọkàn mi á ṣì wà lẹ́yìn níbì kan lọ́nà, tí yóò máa to lẹ́tà àti àwòrán pọ̀ sórí bébà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà. Ẹni tó bá kí mi lọ́nà á kí mi títí kó tó sú u. Wọ́n ní ọmọbìnrin yìí gbéraga. Kì í ṣe ìgbéraga, oorun ojúmọmọ ni.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ kankan. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ní ilé ìtẹ̀wé l'Ékòó, n kò sì já irọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ní ni tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, àti ìdajì fáànù kan. Mo ní ìdajì nítorí pé èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gé sítáǹpù la jọ ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà; bí fáànù bá yí sọ́dọ̀ rẹ̀, èmi á làágùn, bó bá yí sọ́dọ̀ mi, bébà rẹ̀ á sinmi. Ẹni tí kò bá mọ Ṣómólú lè rò pé ilé kan ni wọ́n ti ń tẹ ìwé kan tán. Rárá o. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ni yóò ra bébà lọ́dọ̀ oníbébà, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, láti ibẹ̀ yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé e, tó sì ń dì í. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni èmi ń rìn, tí mo ru ìwé lórí, tí mo sì ń là á kọjá láàárín àwọn ẹ̀rọ tó ń mì tìtì bí ẹni pé ilẹ̀ àdúgbò náà ní àyà tó ń lù.

Owó iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ wọ inú àkáǹtì mi ní òdindi. Fóònù mi á dún, ọ̀dọ́mọkùnrin onísítáǹpù á na ọrùn, á ní, "Mádáàmù, ẹ̀yin lẹ ni ìlú o!" Kí oòrùn tó kanrí, owó náà á ti jáde lọ bá àwọn tó ni ín: oníbébà, ẹlẹ́rọ, agéwèé. Ohun tó bá ṣẹ́kù sídìí ìkòkò ni tèmi. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Síbẹ̀, n kò bínú. Mo fẹ́ràn bí owó ṣe ń gba ọwọ́ mi kọjá, mo rí ara mi gẹ́gẹ́ bí afárá, n kò sì bi ara mi léèrè rí bóyá ìjọba mọ̀ pé afárá kọ́ ló ni ẹsẹ̀ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Agéwèé ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Àgbàlagbà ni, ará Ìjẹ̀bú, tó ti ń gé ìwé ní Ṣómólú láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ irin dúdú gìrìwò kan tó gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ rẹ̀ á rọra sọ̀ kalẹ̀, á la àárín odidi òkìtì bébà kọjá bí ẹni gé mọ́ín-mọ́ín, kò ní pariwo, á kàn mí kanlẹ̀. Lọ́sàn-án, bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, eruku bébà á máa léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, Bàbá á máa kọ orin ìyìn lábẹ́ ètè, èmi á jókòó lórí rímù bébà, ojú mi á máa rọ̀. Níwájú ìyàwó rẹ̀ gan-an ló máa ń pè mí ní ìyàwó òun. Ìyá náà á ní, "Ẹ gbé e wọlé kó wá máa fọ ìkòkò, ó ti rẹ̀ mí." Owó iṣẹ́ rẹ̀, owó ojúkojú ni. Kò gba èyí tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́. Ó ní owó tí kò bá lè ya, kì í ṣe owó.

Ìwé kan wà lọ́kàn mi nígbà náà. Ìwé ábídí fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni. N kò fẹ́ èyí tí wọ́n ń ya ápù àti ẹ̀gbọ́n ápù sí, ìwé tó ní nǹkan tí ọmọ Bàrígà ń fojú rí ni mo fẹ́: ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n ẹja, bọ̀ọ̀lì lórí iná, ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà lásìkò òjò. Mo ti ya gbogbo rẹ̀ tán. Mo máa ń rí i tí mo bá la ojú, mo tún máa ń rí i tí mo bá dì í. Àmọ́ ìwé ìkéde ìsìn àti káàdì ìgbéyàwó ni àwọn èèyàn ń gbé wá fún mi, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé inú orí mi ni ìwé náà máa gbó sí.

Ọjọ́ kan ni obìnrin kan tó ní àwọn ilé-ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní Akoka wá gba káàdì ní ọ̀dọ̀ mi, tó rí àwọn àwòrán náà lára ògiri. Ó dúró. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní òun fẹ́ ẹ fún gbogbo ọmọ tó wà ní ilé-ìwé òun, lọ́dọọdún, kí n sì di ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ló kù: àwọn tó ń yẹ ìwé owó òun wò kì í jẹ́ kí òun gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí pé ó ń san owó-orí. Kí n lọ gbà á, kí n mú un wá kí táàmù tó parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á ra ábídí aláápù. Mo ní kò sí wàhálà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn, "kò sí wàhálà," aṣọ tuntun tí mo ń gbé kiri nígbà náà ni.

Ní ọ́fíìsì owó-orí, obìnrin kan tó tó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n ní kí n lọ bá. Ó wọ awò ojú tó so mọ́ okùn, ó sì fi sùúrù wo gbogbo ìwé tí bánkì tẹ̀ fún mi, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń pa gbogbo owó yìí, ẹ ò sì san nǹkan kan?"

Mo ní, "Mà, kì í ṣe owó mi. Ó kàn kọjá ni."

"Ó kọjá lọ síbo?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oníbébà àti ẹlẹ́rọ àti agéwèé. Ó mi orí. Ó gbà pé òótọ́ ni, mo sì rí i pé ó gbà. Ó wá yọ awò rẹ̀ sílẹ̀ sí àyà. "Ẹ gbọ́, àǹtí. Ìjọba ò ní ká gba owó-orí lórí owó tí ẹ ná sórí iṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá ná kí iṣẹ́ lè ṣeé ṣe, a ó yọ ọ́ kúrò, èyí tó kù lọ́wọ́ yín la ó wò. Bébà, a ó yọ ọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù, a ó yọ ọ́. Ọkọ̀ tí ẹ fi kó ẹrù lọ fún oníbàárà, a ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀fídẹ́ǹsì wá. Èyí tí ẹ ò bá rí ẹ̀rí ẹ̀ mú wá, tiyín ni."

Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tí kò kàn án. Owó ilé tí mo ń gbé ní Bàrígà ńkọ́? Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ń sùn. Mo ní mo máa ń ronú iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí n máa rò ó lọ. Bàtà tí mo rà kí n lè bá àwọn oníbàárà ńlá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ṣé ẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kó rìsíìtì mi wá.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Èmi tí mo ti tẹ ìwé rìsíìtì fún ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà láti Onípanu dé Fọlá Agoro, n kò ní rìsíìtì kankan. Àṣà wa ní Ṣómólú ni pé tí o bá sanwó bébà, oníbébà á ya etí páálí tí wọ́n fi di rímù, á fi báírò kọ iye rẹ̀ síbẹ̀, á fún ọ. Ẹlẹ́rọ á kọ tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó bàjẹ́. Àṣà wa kejì sì ni pé ìwé tó bá ti bàjẹ́ àti páálí tó bá ti ya, ti oníbọ̀ọ̀lì ni. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, màá gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi jọ sínú àpò, màá gbé e fún ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní Fọlá Agoro, òun náà á sì fún mi ní bọ̀ọ̀lì kan lé. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún wá. Gbogbo ẹ̀rí owó tí mo ná sórí iṣẹ́ ni àwọn ará Ṣómólú ti fi di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, tí wọ́n ti nu epo ọwọ́ sí, tí wọ́n sì ti sọ nù. Mo lọ bá ìyá náà bóyá ó ṣì ní díẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo alárùn ọpọlọ, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹni tó jẹ ẹ́ lo fẹ́ kí n lọ bá ni?"

Ti oníbébà kò le. Alhájà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni, ó sì ti ń san owó-orí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bú mi ná. Ó ní ọmọ iléèwé gíga tí kò mọ rìsíìtì, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, a wo ohun tí mo ti san láti bánkì, ó kọ ọ́ fún mi, ó tẹ sítáǹpù lé e. Ẹlẹ́rọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé Alhájà ti ṣe é. Ọ̀dọ̀ Bàbá Agéwèé ló kù, tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù lẹ́yìn bébà, nítorí òun ló ń gé, òun ló ń lẹ̀, òun ló ń dì. Owó ojúkojú ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí bánkì ti rí i. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé òun gbà á, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì fọwọ́ sí i.

Mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ó pa jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́ lójijì débi pé mo gbọ́ ìkán òjò àkọ́kọ́ lórí páànù.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé o mọ̀ pé bàbá mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní abúlé kan lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n wà nígbà náà, inú oko ni bàbá òun ń sùn nítorí owó-orí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ san. Ọdún náà ni koko kò so, kò rí i san. Àwọn akódà tó ń gbowó-orí fún ìjọba mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Wọ́n kà á dé ọjọ́ ìkómọ, wọ́n sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà oko, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí baba tí yóò jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá lórí òun. Ó sì jáde lóòótọ́, ó ń fa ewúrẹ́ kan bọ̀. Okùn ọrùn ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n tú, òun ni wọ́n fi dè é.

"Bàbá àgbà ló sọ mí lórúkọ," ó ní. "Àtìgbà yẹn, ilé wa ò gbọ́dọ̀ gbọ́ owó-orí. Orúkọ mi ò dé ọ́fíìsì ìjọba kankan rí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó wà níbi tó wà."

Màá sọ òótọ́: ìbínú ló kọ́kọ́ mú mi. Mo jáde sínú òjò, mo ń rò pé ewúrẹ́ tó ti kú láyé àtijọ́ ló fẹ́ jẹ ìwé mi. Lójú gbogbo ọ̀nà títí dé Bàrígà ni mo ń bá a jà lọ́kàn. Ìgbà tí mo dé ilé, tí mo tú aṣọ tútù, tí mo jókòó sójú fèrèsé, ni ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkùnrin náà lójú ọ̀nà oko, tó wọ aṣọ ìkómọ, tó ń rìn lọ sílé lọ wo ọmọ rẹ̀. Ìbínú náà tán. Ìbànújẹ́ ló kù, èyí tí n kò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin onísítáǹpù, ó ní ṣé nǹkan tí mò ń fajú ro lé lórí nìyẹn? Ó ní òun á gé sítáǹpù Bàbá kí n tó gbé iyán ẹnu mi mì, kí èmi náà tẹ rìsíìtì, kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́. "Àǹtí, Ṣómólú la wà níbí o! Kí ni a ò lè tẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. Kò sí ìwé tí a kò lè ṣe ní àdúgbò yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo ronú sí i, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá bẹ̀ mí pé kí n má gbé lọ síbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí mo bá jí i gbé lọ, mo ti ṣe ju àwọn akódà lọ, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò pe àwọn yẹn ní ìyàwó rẹ̀. Mo ní rárá, kí onísítáǹpù kàn jẹ́ kí fáànù yí sọ́dọ̀ mi.

Mo padà sí ọ́fíìsì owó-orí. Mo bi ìyá náà pé bí mo bá fi owó agéwèé sílẹ̀ ńkọ́, bí mo bá gbà pé tèmi ni? Ó ní kò burú, màá san owó-orí lórí ẹ̀ nìyẹn. Ó ṣírò rẹ̀, ó yí ìwé náà sí mi. Owó tí mo fi pamọ́ fún bébà ìwé ábídí gan-an ni, kò ṣẹ́ kù. Bí mo bá san án, màá gba ìwé-ẹ̀rí, n kò sì ní rí bébà rà. Bí n kò bá san án, n kò ní gba ìwé-ẹ̀rí, bébà tí mo bá rà kò ní rí ìwé tí yóò dà. Mo ká ìwé náà sínú báàgì mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rìn lọ títí kọjá ilé mi, títí dé etí ọ̀sà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń rọra kọjá nínú ooru, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé ìwé mi ló ń lọ yẹn, tí kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò gbé iṣẹ́ kankan lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Òun ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìwé àwọn ọmọ tí mo ń kà sí òun létí lójoojúmọ́ dà? Mo ní kò ní lè ṣeé ṣe mọ́. N kò sọ ìdí rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹni tí kì í béèrè ohun tó ti mọ̀. Ó kàn nu ẹ̀rọ rẹ̀ títí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó wọ dàńṣíkí búlúù kan tó ti ń ṣá, ó dé fìlà, ó sì ti da pàúdà sọ́rùn bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́.

Ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

"Ibo ni, sà?"

"Ibi tí wọ́n ti ń gba owó-orí. Bàbá mi sá fún wọn títí ó fi kú. Èmi ò lè sáré mọ́, orúnkún ń dùn mí." Mo ní kó má ṣe é nítorí mi. Ó ní ta ló sọ pé nítorí mi ni? Ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà ni òun fẹ́ gé létí.

Nígbà tí ìyá ọ́fíìsì rí i, ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ jókòó." Mo rí i pé èyí da ọkàn Bàbá rú, kò jọ pé ìkúnlẹ̀ ló ń retí. Ó jókòó sétí àga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣàlàyé fún mi, pé bí èmi bá sọ pé mo san owó fún un, ìwé rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní gba owó-orí lórí gbogbo ohun tó wọlé. "Gbogbo ohun tí ẹ bá ti ná sórí iṣẹ́, Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi. A ó yọ ọ́."

Bàbá ronú. Ó ní ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Ó ní pípọ́n rẹ̀. Ó ní epo jẹnẹrétọ̀, gọ́ọ̀mù, òwú tí wọ́n fi ń rán ìwé, owó ṣọ́ọ̀bù. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ka àdúrà, ìyá náà ń kọ ọ́, fáànù òkè ń yí, oorun àárọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ.

"Ó tán, Bàbá?"

"Ó kù."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láàárín itan, ó gbé e lé orí tábìlì, sáàárín àwọn ìwé. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kò sí níbẹ̀. Kùkùté méjì tó dán ló kù.

Ó ní, "Ẹ̀rọ náà ló gba ìwọ̀nyí. Ìṣẹ́jú kan ni. Orí iṣẹ́ ni mo ná wọn sí. Ibo lẹ máa kọ ọ́ sí?"

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi bínú. Ohùn tó fi sọ ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù àti òwú náà ló fi sọ ọ́. Báírò ìyá náà dúró. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo ọwọ́ náà, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní, "Bàbá, wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn níbí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ ṣáà ní gbogbo ohun tí mo ná ni."

Ó gba báírò, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kẹrin dì í mú, ó rọra kọ orúkọ rẹ̀. Èmi ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi hàn mí. Láti ọdún wá ni mo ti ń gba ìwé lọ́wọ́ yẹn, inú ọwọ́ yẹn ni mo ń ka owó sí, ó sì ti gbé bọ̀ọ̀lì fún mi jẹ. Mo ti ya ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà débi pé mo mọ iye ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò wo ọwọ́ Bàbá rí. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Nígbà tí wọ́n yọ ohun tó ṣeé yọ, owó-orí tí Bàbá máa san kò pọ̀. Ó ní kí ìyá náà tún un sọ. Ìyá náà tún un sọ. Bàbá ní, "Ṣé ìyí ni bàbá mi ń sá fún?" Ó san án lójú ẹsẹ̀, ó gba rìsíìtì, ó ká a sínú fìlà rẹ̀. A jáde. A rìn díẹ̀ lábẹ́ oòrùn, kó tó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi ní ohun tó ná."

Mo gba ìwé-ẹ̀rí náà. Mo ra bébà. Ìwé ábídí náà jáde, Bàbá sì gé e. Ó kó gbogbo rẹ̀ jọ síwájú rẹ̀, ó ṣí ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde wá wò ó. Láti ọdún yẹn wá, àwọn ọmọ Akoka tó fi ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ Ọ ti ń dàgbà, mo sì máa ń pàdé ọ̀kan lójú ọ̀nà nígbà mìíràn tí kò mọ̀ mí.

Bàbá ti padà sí ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ló sùn sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta irin dúdú náà. Ní Ṣómólú báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan lè tẹ ìwé, kó gé e, kó dì í, kó o tó mu omi tán. Mo ní ọ́fíìsì tèmi, mo ní òdindi fáànù, orí fóònù ni mo sì ti ń jẹ́wọ́ owó-orí mi lọ́dọọdún. Mo máa ń tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Màá kọ bébà, màá kọ yíǹkì, màá kọ owó iná, gbogbo ohun tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Nígbà tí mo bá kọ ọ́ tán, màá tún un wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú mi tí kò ríran bíi tẹ́lẹ̀ mọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn Kérésìmesì tí ìyá mi fi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo ní iṣẹ́ káàdì ló gbà mí, kò sí níbẹ̀, òun náà kò sì sí mọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. N kò bá ìjọba jà lórí ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ìwé tó lè gbà á.

Àwọn ọ̀dọ́ ń bá mi ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọn ti wọ fóònù wọn, mo ṣì máa ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ní òpin oṣù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rò pé mo ń darúgbó. Ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ wò.